Láàrin Jinná àti Jóná: Sóyà Nínú Oúnjẹ Adìẹ Búróílà

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ ìpajẹ fáwẹ́lì tí a bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ẹ ṣe sùúrù ná. Ọ̀rọ̀ adìẹ ló délẹ̀ yìí, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ọ̀kan nínú yín, bí mi ò tilẹ̀ ní dárúkọ rẹ̀.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni mo kọ́ ọ. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá mú lára owó tí wọ́n san fún un, ó fi kọ́ ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé, ó sì kó 300 ọmọ búróílà wọlé, pé òun máa tà wọ́n nígbà Kérésì. Nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó yẹ kí wọ́n ti lé ní kílò kan, àwọn tó wọ̀n ò ju ìlàjì kílò àti díẹ̀ lọ. Wọ́n ń jẹun, ara ò gbà á. Ìgbẹ́ wọn rọ̀, ìyẹ́ wọn rí ṣákálá. Ó ra oògùn kòkòrò inú, ó ra oògùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá ni dókítà ẹran la méjì nínú wọn wò. Kò rí àrùn kankan. Ohun tó rí ni pé ẹ̀yà ara tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà láàrin ibi tí ìfun kékeré ti ṣẹ́ kọ́rọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní páńkíríà, ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà bi í pé, "Mà, kí lẹ̀ ń fún wọn jẹ?"

Sóyà ló ń fún wọn jẹ, pẹ̀lú àgbàdo, egungun lílọ̀ àti àwọn èròjà kéékèèké. Kúlíkúlí àti ẹja ti wọ́n jù, ló bá ra ẹ̀wà sóyà lọ́jà, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ẹran. Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ sọ fún un pé bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, ó ti parí. Tútù ni wọ́n lọ̀ ọ́, iná ò kàn án rárá.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kò sẹ́ni tó máa tún tan òun. Ó gbé agbada kaná, ó yan sóyà náà fúnra rẹ̀, ó yan án títí ó fi dúdú bíi kọfí, kó má baà sí àríyànjiyàn. Àwọn adìẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí sàn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn ò dé ìwọ̀n tí oníbàárà ń wá. Ìgbà náà ló pè mí. "Bàbá, sóyà kan náà ni o. Púrótéènì tí wọ́n kọ fún un nínú ìwé, 38 nínú 100, kò yí padà. Kí ló wá ń ṣe àwọn adìẹ yìí?"

Ó mọ̀ pé ẹ̀dá-èdè ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe, kì í ṣe adìẹ. Ṣùgbọ́n ó ní òun rántí pé èmi ni mo máa ń sọ ní kíláàsì pé orúkọ nǹkan kọ́ ni nǹkan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni nípa oúnjẹ ẹran, ó kó ìwé fún mi, ó sì jókòó tì mí ní ọ̀sán méjì gbáko. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ àti èyí tí mo kà ni mo fẹ́ ṣàlàyé báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí 38 yẹn bẹ̀rẹ̀. Ta ló kà á? Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó ka púrótéènì. Ọ̀nà tí ilé àyẹ̀wò ń gbà ni èyí tí Johan Kjeldahl, ará Denmark, gbé jáde ní 1883, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Carlsberg, àwọn tó ń pọn bíà. Náítírójìn tó wà nínú oúnjẹ ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé nǹkan bí 16 nínú 100 púrótéènì ló jẹ́ náítírójìn. Ọ̀nà tó dára ni, ó ti wúlò fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n náítírójìn ò mọ̀ bóyá sóyà jinná tàbí kò jinná. Ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ jẹ́ kó dúdú, náítírójìn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá. Nítorí náà tútù ni o, jinná ni o, jóná ni o, 38 ni ìwé máa kọ. Adìẹ nìkan ló mọ ìyàtọ̀.

Kí ló wá wà nínú sóyà tútù? Irúgbìn ni ẹ̀wà láti ilẹ̀, àwa la sọ ọ́ di oúnjẹ. Ó fẹ́ hù ni, kò fẹ́ kí ohun kan jẹ òun, ó sì ti di ìhámọ́ra rẹ̀. Nínú ìfun kékeré adìẹ, bíi tiwa náà, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ tírípísìnì. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ló ń ṣe: ó ń gé púrótéènì sí wẹ́wẹ́ kí ara lè fà á mu. Páńkíríà ló ń rọ ọ̀bẹ náà. Ohun méjì kan wà nínú sóyà tútù, púrótéènì ni àwọn náà, tó jẹ́ pé wọ́n máa ń há sí ẹnu ọ̀bẹ yìí. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí wọn ni wọ́n ń jẹ́: ti Kunitz, àti ti Bowman òun Birk. Moses Kunitz ló yọ ti àkọ́kọ́ mọ́ gaara ní ilé ìwádìí Rockefeller ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1945. Bí ó bá ti há mọ́ tírípísìnì, ọ̀bẹ yẹn ò tún lè gé nǹkan kan mọ́.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Páńkíríà á wò ó pé tírípísìnì ò tó nínú ìfun, á rò pé òun ò ṣiṣẹ́ tó. Á rọ òmíràn, sóyà á há a. Á tún rọ, sóyà á tún há a. Níkẹyìn páńkíríà á wú, bí apá alágbẹ̀dẹ tí kì í sinmi. Ohun tí dókítà rí nìyẹn. Tírípísìnì tó ń ṣòfò yìí, púrótéènì ni òun náà, ó sì kún fún sístíìnì, ọ̀kan nínú àwọn áásìdì amino tó ní súfúrù nínú. Ìgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bá jáde. Ẹ wá wò ó: sístíìnì àti mẹ̀tíónáìnì, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, gan-an ni sóyà ò ní tó láti ilẹ̀. Oúnjẹ tí kò lè fún adìẹ ní sístíìnì tó pọ̀ tún ń gba èyí tó wà lára adìẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ sístíìnì ni ìyẹ́ nílò jù, ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ wọn fi rí bó ṣe rí. Lẹ́kítìnì tún wà níbẹ̀, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ìfun tí kì í jẹ́ kó fa oúnjẹ dáadáa. Iná ń pa òun náà.

Kì í ṣe òní ni ayé mọ̀ pé sóyà tútù ò dára. Ní 1917, Thomas Osborne àti Lafayette Mendel, ní New Haven ní Amẹ́ríkà, fi sóyà bọ́ eku. Àwọn tó jẹ tútù ò dàgbà. Àwọn tó jẹ èyí tí wọ́n sè dàgbà. Ó gbà tó ogún ọdún ó lé kí àwọn míì tó rí ohun tó fà á.

Ní tiwa ńkọ́? 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin sóyà ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn, ó sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìyẹn kó tó wọ ilé ìdáná wa. Ẹ̀wà tó bá àwọn ìyá wa láyé, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bá a lò. Màmá mi kì í se sèsé láìda omi àkọ́kọ́ nù. Igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, orí iná ló máa ń sùn mọ́jú. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Àmọ́ àlejò ni sóyà. Wọ́n kó irúgbìn rẹ̀ wá fún wa, wọn ò kó ọgbọ́n ìdáná rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bínú tó bó ṣe yẹ sí ọkùnrin onímìlì yẹn. Àgbàdo ló mọ̀, àgbàdo ò sì fẹ́ ju kí a lọ̀ ọ́ lọ fún adìẹ.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọlé díẹ̀ nìyí. Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún fífi iná bá oúnjẹ lò. À ń sè, à ń bọ̀, à ń yan, à ń sun, à ń dín. Omi wà nínú méjì àkọ́kọ́. Ooru gbígbẹ ni yíyan àti sísun. Òróró ni dídín. Tó bá kan sóyà, ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ooru tó ní omi nínú máa ń tètè ba àwọn ohun tó ń há ọ̀bẹ yẹn jẹ́ ju ooru gbígbẹ lọ. Púrótéènì dà bí okùn tí wọ́n ká jọ lọ́nà kan pàtó, bí wọ́n ṣe ká a ló ń jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí omi àti ooru bá jọ wọ̀ ọ́, á tú, iṣẹ́ bùṣe. Ti Kunitz ò le láti tú. Ti Bowman òun Birk kéré lójú, ṣùgbọ́n ìdè méje ló so ó mọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ni ti Kunitz ní. Òun ló ń ṣe agídí.

Nítorí náà, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, tó ní ìkòkò, sísè ni mo bá a fọwọ́ sí. Kí ó rẹ sóyà sómi mọ́jú, kí ó da omi yẹn nù. Kí ó dà á sínú omi tó ti ń hó, kí ó jẹ́ kó máa hó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti ìgbà tó bá padà bẹ̀rẹ̀ sí hó ni kó ti máa kà á o, kì í ṣe láti ìgbà tó dà á sí i. Kí ó sẹ́ omi rẹ̀, kí ó sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kángẹ́kángẹ́ kó tó gbé e lọ fún lílọ̀. Èyí tí kò bá gbẹ á bu, oúnjẹ tó bu sì ní àrùn tirẹ̀ tó ń kó ran adìẹ.

Yíyan náà dára fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yan. Ẹ wo àwọn tó ń yan ẹ̀pà: wọ́n á da yanrìn sínú agbada kí ooru lè kárí, wọn kì í sì í fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń rò ó ni. Bí iná bá le jù, tí a ò sì rò ó, ẹ̀yìn sóyà á ti dúdú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tútù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn: ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti jóná, kí àwọn kan má tíì jinná, nínú agbada kan náà. Ẹ máa la ọ̀kan sí méjì kí ẹ wo àárín rẹ̀.

Sóyà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà, tí wọ́n ti yọ òróró rẹ̀, tí púrótéènì rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí 44 sí 48, ti máa ń gba ooru kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Hẹ́síìnì ni wọ́n fi ń yọ òróró náà, ooru omi tó ń hó ni wọ́n sì fi ń lé hẹ́síìnì jáde, ibẹ̀ ló ti ń jinná. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣe é dọ́gba, ṣùgbọ́n kò jọ tútù tí wọ́n lọ̀ lásán.

Wàyí o, kí ló dé tí jíjóná fi burú, nígbà tó jẹ́ pé májèlé ti kú? Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912: bí ooru bá pọ̀, áásìdì amino á so pọ̀ mọ́ ṣúgà. Àwọ̀ pupa tó wà lára èèpo búrẹ́dì, òórùn ẹ̀pà yíyan tí ń pe èèyàn láti òpin àdúgbò, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹnu fẹ́ ẹ, ara adìẹ ò fẹ́ ẹ. Láísìnì ni ó máa ń mú jù. Láísìnì tó bá sì ti so mọ́ ṣúgà báyẹn, bó bá wọnú adìẹ, adìẹ ò lè lò ó. Ẹ sì rántí ìdí tí a fi ń ra sóyà: àgbàdo ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ adìẹ, àgbàdo ò sì ní láísìnì tó, sóyà ló ní in dáadáa. Ẹni tó bá jó sóyà ti jó ohun tó tìtorí rẹ̀ náwó. Náítírójìn láísìnì yẹn ṣì wà níbẹ̀ o, Kjeldahl á sì kà á mọ́ 38.

Jóná, ẹ mọ̀ pé jó àti iná ni, ìpajẹ fáwẹ́lì ló so wọ́n pọ̀ (ẹ rí i pé mi ò gbàgbé iṣẹ́ wa). Jinná ní tirẹ̀, à ń lò ó fún iṣu, à sì ń lò ó fún egbò tó ti san. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì ò fẹ̀, ojú lásán ò sì tó láti fi wọ̀n ọ́. Báwo la ṣe máa mọ̀?

Sóyà tútù ní ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń jẹ́ yúríásì. Kì í ṣe òun ló ń da adìẹ láàmú, ṣùgbọ́n ooru tó ń pa àwọn tó ń há ọ̀bẹ ń pa òun náà ní nǹkan bí ìgbà kan náà, ó sì rọrùn láti wá ju wọ́n lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ yúríà di amóníà. Ẹ bu ṣíbí kan sóyà lílọ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ fi yúríà díẹ̀ sí i, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò fún ajílẹ̀ náà ni, ẹ da omi lé e, ẹ dé e pa fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí i, ẹ rọra gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń ta yín nímú bí ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ tí wọn ò fọ̀, sóyà yẹn ò tíì jinná. Ẹ da ohun inú ìgò nù jìnnà sí adìẹ àti ọmọdé. Ní ilé àyẹ̀wò, ìwọ̀n pH ni wọ́n fi ń kà á: bí ó bá gòkè láàrin 0.05 àti 0.20, wọ́n gbà pé ó dára. Ti sóyà tútù máa ń gòkè tó 2.

Àmọ́ àyẹ̀wò yìí ò lè rí èyí tó jóná. Yúríásì tó ti kú ti kú. Yálà ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí ẹ yan án di èédú, òfo ni ẹ máa rí. Fún èyí, Araba àti Dale, ní yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1990 pé a lè lo omi tí wọ́n fi póńtásíọ̀mù háídírọ́ksáìdì díẹ̀ sí, 0.2 nínú 100. Wọ́n á wo bí púrótéènì sóyà náà ṣe yòrò sínú rẹ̀ tó. Ti sóyà tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò tán. Èyí tó jinná dáadáa á yòrò tó nǹkan bí 75 sí 85 nínú 100. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju 70, ó ti jóná, ìdàgbàsókè ọmọ adìẹ á sì fi hàn. Ilé àyẹ̀wò ló lè ṣe èyí. Ẹni tí kò bá ní owó rẹ̀, kó wo àwọ̀ ẹ̀pà tí wọ́n yan fún jíjẹ, kó má jẹ́ kí ti sóyà dúdú ju ìyẹn lọ.

Ẹnìkan á ní òun mọ ẹni tó ń fún màlúù ní sóyà tútù. Òótọ́ ni, màlúù àgbà lè jẹ ẹ́. Àwọn ohun tíntìntín tí ojú ò lè rí tó wà nínú àpòlúkù ńlá rẹ̀ ti ń tú ìhámọ́ra yẹn ká kó tó dé ìfun. Àfi kó má fi yúríà kún un, ẹ ti mọ ìdí. Adìẹ ò ní irú àpòlúkù bẹ́ẹ̀. Adìẹ tó ń yé ẹyin pàápàá ń fara dà á díẹ̀ ju ọmọ búróílà lọ, torí ọmọ búróílà ò ní àkókò: nǹkan bí 40 gíráàmù ló máa ń wọ̀n lọ́jọ́ tó jáde nínú ẹyin, a sì ń retí kó di kílò méjì láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó bá fi jẹ sóyà tútù, ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ní padà ni.

Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí obìnrin náà. Ó ní òun ò tún ní kó 300, 100 ló kó lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ń se sóyà, ó ń ṣe ti ìgò yúríà fún gbogbo ìkòkò tó bá sè. Ó ní ìkòkò kejì ta òun nímú, òun sì dá a padà sórí iná. Àná ló pè mí, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó mú mẹ́wàá nínú wọn wọ̀n, kílò kan ó lé díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tó bá ti àkọ́kọ́ lọ ò tíì padà o, ó sì ń ráhùn pé igi ìdáná ti wọ́n. Mo ní kó ṣírò iye tó ń ná sórí igi fún àpò kan, ká fi wé iye tí sóyà ilé iṣẹ́ fi ju tútù lọ, bóyá ríra ló máa dín owó kù ju sísè lọ. Bó bá ti fi ránṣẹ́, màá gbé e síbí. Ti ìpajẹ fáwẹ́lì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.